Ta Ni Yóò Fi Ilé Han Àlejò? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa ní Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò nílẹ̀ òkèèrè báyìí, àwọn mìíràn sì jókòó síbí pẹ̀lú lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó kan ilé yín ni mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà tí ọmọ wa bá lọ kàwé ní yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ ta ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni pé iṣẹ́ ọmọ náà ni. A ó sin ín dé pápákọ̀ òfurufú, a ó gbàdúrà fún un, a ó ní kó mú ọkàn le, kó má gbàgbé ọmọ ẹni tó ń ṣe. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ọkàn líle nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Ẹ̀kọ́ ni ìbáramu, ẹ̀kọ́ sì ní láti ní olùkọ́. Àwọn Yorùbá sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ẹnìkan wà tí yóò fi ilé hàn án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá dígírì kejì ọlọ́dún kan, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń lọ.

1. Kí ni à ń pè ní ìbáramu?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí mo bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun mu, n kò sọ pé ó ti di Òyìnbó, pé ohùn rẹ̀ ti yí padà, tàbí pé ẹ̀bà kò wù ú jẹ mọ́. N kò sì sọ pé ó fara da òtútù àti ìdánìkanwà títí ó fi gba ìwé-ẹ̀rí, nítorí ènìyàn lè fara da nǹkan fún ọdún mẹ́wàá kí nǹkan náà má yé e. Ohun tí mo ń pè ní ìbáramu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mọ ohun tí iṣẹ́ ìwé ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó wà, ó mọ ẹni tí yóò bi léèrè bí kò bá yé e, ó sì ní àkókò àti àlàáfíà tó lè fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní méjì nínú mẹ́ta yìí tí kò ní ẹ̀kẹta, kò tíì débẹ̀. A ó rí i níwájú pé ẹ̀kẹta ni kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí tipẹ́. Ní 1955, Sverre Lysgaard gbé ìwádìí jáde lórí 200 ọmọ ilẹ̀ Norway tí wọ́n gba ẹ̀bùn Fulbright lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní inú àlejò a máa dùn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ a bàjẹ́, lẹ́yìn èyí ara rẹ̀ a tún balẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti lo nǹkan bí oṣù 6 sí oṣù 18 ni nǹkan nira fún jù. Ní 1960, Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó pín ìrìn àlejò sí ìpele. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú àlejò bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn, èyí tó máa ń kọlu ẹni tí a ṣàdédé gbìn sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí ràn kálẹ̀, títí kan àwọn tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí, tó fi jẹ́ pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: ní sùúrù, á kọjá.

Níbí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn. Bí ìdààmú àlejò bá jẹ́ àìsàn tí àkókò ń wò, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ àlejò ní ohunkóhun. Kí á ṣáà máa ka oṣù ni. Ṣùgbọ́n ní 1998, Colleen Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ 35 akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Japan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ New Zealand. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò láàárín wákàtí 24 tí wọ́n dé, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù kẹrin, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá. Ìdùnnú àkọ́dé tí à ń sọ yẹn kò hàn lára wọn. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni ìnira wọn pọ̀ jù, ó sì ń dínkù bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà. Ẹ wá fi dígírì kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Oṣù 12 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ Lysgaard ló tọ̀nà, àárín kòtò ìbànújẹ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ yóò parí sí. Bó bá jẹ́ Ward ló tọ̀nà, ọ̀sẹ̀ tí ara ń ni ọmọ náà jù ni wọ́n ń pín iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ó gbé máàkì lé lórí. Èyí tó wù kó jẹ́, sùúrù kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ yẹ kó ṣe.

2. Kí ni ohun tí a ní láti kọ́?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òtútù kí n kúrò níbẹ̀. Ní Aberdeen ní Scotland, oòrùn a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù ní oṣù Kejìlá, ó sì máa ń rẹ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àwọ̀lékè wà ní ọjà, gbogbo ènìyàn ló sì ń kìlọ̀ nípa òtútù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni òfin iṣẹ́ ìwé, torí pé àwọn tó bá a dàgbà kò mọ̀ mọ́ pé òfin ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wákàtí. Dígírì kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kírẹ́díìtì 180, wọ́n sì ṣírò kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan sí wákàtí iṣẹ́ 10. Ó di wákàtí 1,800 lọ́dún kan, nǹkan bí 36 lọ́sẹ̀ bí a bá pín in sí àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọmọ wa bá gba àtẹ àkókò, tó rí i pé wákàtí díẹ̀ péré ni òun yóò jókòó níwájú olùkọ́ lọ́sẹ̀, yóò rò pé ìyókù ṣófo. Nílé, kíláàsì ni ẹ̀kọ́ wà. Níbẹ̀, wákàtí tó dà bí ẹni pé ó ṣófo yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ ni yóò ti ka àwọn ìwé tí olùkọ́ tò kalẹ̀, tí yóò sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ta ko ara wọn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oṣù Kejìlá ni yóò mọ̀, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta bá pé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wo sẹ́mínà. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa máa ń dákẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀, kì í sì í já olùkọ́ ní koro. Ní sẹ́mínà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tó rí ọmọ tó dákẹ́ kò rí ọ̀wọ̀. Ohun tó rí ni ẹni tí kò ka ìwé wá. Àwọn kan yóò wí pé àṣà wa kò fàyè gba àríyànjiyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń tiraka. N kò gbà. Ìran tó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, mọ̀ pé a kì í dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì, ohun tí olùkọ́ ọ̀hún sì ń béèrè nínú àròkọ kò ju ìyẹn lọ: gbọ́ ti òǹkọ̀wé yìí, gbọ́ ti èkejì, kí o wá dá a. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí a fún láyè. Nílé, àgbà la gbà láyè láti dájọ́. Níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ní kó dá a, wọ́n sì ń dúró dè é. Kò sí bí ọmọ náà ṣe lè fi ojú inú mọ̀ pé àyè yẹn ti ṣí sílẹ̀ fún òun. A ní láti sọ ọ́ fún un, kí á tún jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ níbi tí àṣìṣe kò ti ní í pa á lára.

Ọ̀rọ̀ kí á dárúkọ ẹni tí a mú ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù jù. Ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà a ní tótó ó ṣe bí òwe. Bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun sí wa pé ọ̀rọ̀ ní olówó. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí wọ́n ṣe fẹ́ kí á ṣe é: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ojú ìwé, pàápàá nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa sọ èrò rẹ̀. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbi tí ẹni tó bá da hándáòtì olùkọ́ kọ sílẹ̀ bó ṣe wà ti ń gba máàkì tó ga jù lọ, ìwà tó gba ìyìn fún lánàá ni wọ́n ń pè é sí ìgbìmọ̀ ìbáwí fún lónìí. Wọ́n á tún fi ìwọ̀n Turnitin, ẹ̀rọ tó ń fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wé ìwé ibòmíràn, dẹ́rù bà á, bẹ́ẹ̀ iye ọ̀rọ̀ tó jọ ọ̀rọ̀ ibòmíràn ni ìwọ̀n yẹn ń kà, kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi olè. Inú ìbẹ̀rù yẹn ni àwọn tó ń ta àròkọ ti ń rí àlejò mú. Òfin ilẹ̀ Ẹ́ńgílàǹdì ti sọ títa irú àròkọ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ láti 2022. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó rà á ni yunifásítì máa ń lé kúrò.

Máàkì náà ní èdè tirẹ̀. Ní dígírì kejì níbẹ̀, 50 ni a fi ń yege, láti 70 ni ipò tó ga jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀, máàkì tó sì ju 80 lọ kò wọ́pọ̀. Ọmọ tó ti ń gba 85 nílé, tó wá rí 62 lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, yóò rò pé òun ti kùnà. Kò kùnà, iṣẹ́ tó dára ni 62. Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un, ó lè sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, kó má sì ka àlàyé tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà, níbi tí ọ̀nà láti kúrò ní 62 dé 70 wà.

Ó ku ọ̀kan, èyí tó dùn mí jù. Yunifásítì wọ̀nyí ní wákàtí tí olùkọ́ yà sọ́tọ̀ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ lálejò, wọ́n ní ẹni tó ń ran ni lọ́wọ́ lórí àròkọ kíkọ, wọ́n sì ní ìlànà fún ẹni tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí. Bí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ bá kú nílé ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ pé, ó lè kọ̀wé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún un, bí ó bá sọ ọ́ lásìkò. Ọmọ wa kì í sọ ọ́. A ti kọ́ ọ pé kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Yóò sunkún, yóò nu ojú, yóò fi iṣẹ́ tí kò dára sílẹ̀, wọn yóò sì fún un ní máàkì tó yẹ iṣẹ́ tí kò dára.

3. Owó àti àkókò

Mo ti sọ pé ìbáramu ń fẹ́ àkókò àti àlàáfíà. Èyí ni kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹfà 2023, Ilé Ìfowópamọ́ Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 ti ju ₦1,400 lọ nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. Ìdílé tó ti ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ti san ìdá kan, rí i pé ìyókù ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ìròyìn gbé e jáde pé yunifásítì kan ní àríwá Ẹ́ńgílàǹdì yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kúrò nítorí gbèsè tó ti ibẹ̀ wá. Ẹ fi owó ìlera tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ṣáájú kún un, pọ́ùn 776 fún ọdún kan, àti òfin oṣù Kìn-ín-ní 2024 tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dígírì kejì mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́.

Físà gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ owó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́. Àwọn kan rò pé oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ jẹ́ ìsinmi. Fún ẹni tó ń ṣe dígírì kejì, sáà ẹ̀kọ́ ni, àpilẹ̀kọ ló yẹ kó máa kọ. Ogún wákàtí lórí 36 jẹ́ 56, kó tó se oúnjẹ, kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ibi ìtọ́jú arúgbó dé láàárọ̀, tó wọ sẹ́mínà láago mẹ́wàá, tó ń tòògbé, kò sí ọkàn líle tó lè la ojú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ọmọ kan kò bá ilé-ẹ̀kọ́ mu, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè wákàtí mélòó ló ṣẹ́ kù fún un.

4. Ẹ̀rí láti inú ìtàn wa

Àwọn baba wa mọ̀ pé ìbáramu ń fẹ́ olùkọ́ àti ilé, wọ́n sì ṣe é. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1925, Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ òfin ní London, pẹ̀lú Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í fún ènìyàn dúdú ní yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ibi sùn, ìwé wo ni yóò kà? Solanke padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1929, ó sì rìn kiri di 1932, ó ń gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ilé. Ní 1933, ilé WASU ṣí ní Camden Town. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń bá ẹni tó ti pẹ́ pàdé, tí ó ti ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, owó ilé náà kò wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ilé ló dá a. Èkejì, nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Amúnisìn ran àwọn kan lọ́wọ́ láti ṣí Aggrey House, ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní London, ní 1934, WASU kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀nà láti máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo gbà pé wọ́n ní ìdí. Ẹni tó ń kọ́ àlejò lè máa kọ́ ọ fún àǹfààní ara rẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ pé yunifásítì tó gba akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe, n kò sọ pé kí ilé fa gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

5. Àwọn tí kò gbà

Wọ́n lè wí pé àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ dígírì kejì, kí á má fi ọmú sí i lẹ́nu. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún ní Ìbàdàn, bó bá dé ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ mìíràn, wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìlànà ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò pe ìyẹn ní ìkẹ́bàjẹ́. Sísọ òfin iṣẹ́ fún ènìyàn yàtọ̀ sí bíbá a ṣe iṣẹ́ náà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ẹni ló ń dí ìbáramu lọ́wọ́: pé ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́, tó ń lọ sí ìjọ àwọn ọmọ wa, tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, kò ní mọ ilẹ̀ tó wà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Stephen Bochner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1977, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Hawaii, pé ọ̀rẹ́ ọlọ́nà mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ àlejò máa ń ní: ọmọ ìlú rẹ̀, onílé, àti àlejò bíi tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Ọmọ ìlú ẹni ló ń jẹ́ kí á rántí ara wa. Lọ́wọ́ onílé ni a ti ń rí ìrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ìwé. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ni yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ní ẹgbẹ́ ń pa ìwé, kó wo Obafemi Awolowo. Ó dé London ní 1944 láti kọ́ òfin. Ní 1945, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1946 ó di agbẹjọ́rò, ìwé tó kọ lórí òmìnira Nàìjíríà sì jáde ní 1947. Ohun tí ẹgbẹ́ bá ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ ni kí á wò. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ló ń pàdé kò ṣe iṣẹ́ tí mo ń sọ.

6. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Lọ́dọ̀ yunifásítì tó gbà wọ́n, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: kí òfin iṣẹ́ di ẹ̀kọ́ tó ní àyè nínú àtẹ àkókò, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ kékeré kan wà tí a kò ní gbé máàkì lé lórí, tí olùkọ́ yóò sì bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lórí rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ju ti ọmọ ilẹ̀ wọn lọ. Ó tó ṣe èyí. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wa ní London, Manchester àti Leeds, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó ti yege mú ẹni kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó gbé àròkọ tirẹ̀ tó gba 58 àti èyí tó gba 70 sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ wo ohun tó fa ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè tí ẹ ń bi ọmọ lórí fóònù, ṣé ó ti jẹun, ṣé ó ti rí iṣẹ́, ẹ fi ọ̀kan kún un: ta ni olùkọ́ rẹ, ìgbà wo lo sì rí i kẹ́yìn? Bí ìdáhùn bá ń falẹ̀, ẹ tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀ nílé, ẹ má fi pa mọ́ fún un kó lè ṣe ìdánwò. Ẹ sọ fún un, kí ẹ sì ní kó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níwájú mi, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ tó tóbi jù wà, kódà fún àwọn ọmọ tí kò ní fi Nàìjíríà sílẹ̀ láéláé. Ní ọdún àṣekágbá, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ tí kò ní hándáòtì. Kí olùkọ́ gbé ìwé mẹ́ta tó ta ko ara wọn sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yí tábìlì ká, kí oníkálukú sọ èyí tó gbà àti ìdí tó fi gbà á, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ọdún àti ojú ìwé, kó sì lè wí fún olùkọ́ pé kò rí i bẹ́ẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù pé wọn yóò gé máàkì òun. Kò ń fẹ́ owó láti Àbújá, kò sì ń fẹ́ ilé tuntun. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ kan àti yàrá kan.